Àkọsílẹ̀ ọ̀daràn ní Èkìtì: ọdún mélòó ló ń lò, ta ló sì lè pa á rẹ́?

Kì í ṣe ọ̀daràn nìkan ló ń béèrè àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ìyá tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lóru ní Ìwòròkó ń béèrè. Ọ̀dọ́ tó ń múra àtilọ sí Kánádà ń béèrè. Bàbá tó fẹ́ jáde fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin náà ń béèrè, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń béèrè, bíi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló rán an. Ilẹ̀ Iyì là ń pe ìlú wa, orúkọ tó bá sì dọ̀tí, gbogbo agboolé ló ń bá a pín in. Nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń ká lára, ọ̀pọ̀ ni kò ní àkọsílẹ̀ kankan, tí ẹ̀rù lásán ń bà. Àwọn tó ní in gan-an ló fọkàn balẹ̀, tí wọ́n ń retí kí ọdún gorí ọdún kó fi parẹ́. Ìdáhùn wọ̀nyí wà fún ìgun méjèèjì. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní kóòtù, kó yáa lọ rí lọ́yà.

Kí ni wọ́n ń pè ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn gan-an, ibo ló sì wà?

Ibi mẹ́ta ló máa ń wà. Ọ̀kan wà ní téṣàn: ìwé tí wọ́n kọ orúkọ yín sí lọ́jọ́ tí wọ́n mú yín, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ fún wọn, fọ́tò yín àti ìtẹ̀ka yín. Ìkejì wà ní kóòtù, ìyẹn fáìlì ẹjọ́ àti ìdájọ́ tí adájọ́ kà. Ìkẹta wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, bí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀. Ti Adó-Èkìtì wà lọ́nà Àfàò, wọ́n sì ní ìwé tiwọn lórí ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde.

Èyí tó ń dá àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò dúró ni ibi tí wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí. Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015, ACJA ni àwọn lọ́yà ń pè é, ní kí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní ibùdó àkọsílẹ̀ ọ̀daràn kan fún gbogbo Nàìjíríà, kí olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà ní tirẹ̀ tí yóò máa fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ó ní kí ìdájọ́ kóòtù dé ibùdó yẹn láàárín ọjọ́ 30. Èkìtì ní òfin tirẹ̀ tó jọ ọ́, ti ọdún 2014. Àwa la tilẹ̀ ṣáájú Àbújá pẹ̀lú ọdún kan.

Ohun tí òfin wí nìyẹn. Ní ti ìṣe, kì í ṣe gbogbo ìdájọ́ májísíréètì ló ń rin ìrìn àjò yẹn dé òpin. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní ìlú kékeré kan fún adìyẹ tó jí lè gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n má rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ìyẹn kò wá sọ pé kó lọ búra pé kóòtù kò dá òun lẹ́bi rí. Ìdájọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì, ẹni tó bá wá a dáadáa yóò rí i.

Wọ́n mú mi, mo sùn ní téṣàn fún ọjọ́ méjì, ẹ̀gbọ́n mi wá gba bẹ́ìlì mi, a sì yanjú ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Ṣé mo ti di ọ̀daràn nìyẹn?

Rárá. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀ títí kóòtù yóò fi dá a lẹ́bi. Ọlọ́pàá kò lágbára láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ le tó lẹ́yìn káńtà. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìjà ilẹ̀, ìjà àjọ àti ìjà aládùúgbò ní Èkìtì fi ń parí sí téṣàn tàbí láàfin. Kò sí ìdálẹ́bi nínú irú ìparí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ yín lè ṣì wà nínú ìwé téṣàn pé wọ́n mú yín lọ́jọ́ báyìí. Bí fọ́ọ̀mù kan bá béèrè pé, “Ṣé kóòtù ti dá ọ lẹ́bi rí?”, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn yín, òótọ́ pọ́nńbélé sì ni. Bó bá jẹ́ pé ohun tó béèrè ni, “Ṣé wọ́n ti mú ọ rí?”, bẹ́ẹ̀ ni lẹ ó wí, kí ẹ ṣàlàyé. Ẹ ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti béèrè èyí ìkẹyìn.

Tó bá jẹ́ gbèsè ni wọ́n torí ẹ̀ mú yín, wọn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mú yín. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 àti ACJA ló kọ̀ ọ́ pé kí ọlọ́pàá máa mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí owó tí kò san. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ọ̀fẹ́ ni bẹ́ìlì, bí àwọn tó kọ ọ́ sára ògiri téṣàn kò bá tilẹ̀ gbà á gbọ́.

Mo ṣẹjọ́ fún ọdún mẹ́ta, adájọ́ dá mi láre. Ìtẹ̀ka mi tí wọ́n gbà ńkọ́?

Ìbéèrè tó ṣe kókó jù nìyí, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í rántí béèrè nítorí ayọ̀ ọjọ́ ìdájọ́. Òfin Ọlọ́pàá sọ pé bí ẹni tí kóòtù kò dá lẹ́bi rí bá jàre, kí wọ́n ba ìtẹ̀ka, fọ́tò àti ìwọ̀n ara tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́, tàbí kí wọ́n kó wọn lé e lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Ní gbogbo òfin ilẹ̀ yìí, òun ló súnmọ́ pípa àkọsílẹ̀ rẹ́ jù lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dìde ní olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kan láti lọ wá ìtẹ̀ka yín kó sì ya á dànù. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ yín, ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, CTC ni wọ́n ń pè é. Ẹ gba ju ẹyọ kan lọ. Kí lọ́yà yín fi ọ̀kan há lẹ́tà sí Kọmíṣọ́nà Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, kó kọ ọ̀kan sí ibùdó àkọsílẹ̀ ti àpapọ̀, kó béèrè pé kí wọ́n ba àkọsílẹ̀ náà jẹ́ kí wọ́n sì fèsì ní kíkọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Bí wọn kò bá dáhùn, ọ̀nà kóòtù ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ìlànà ìdáàbòbò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009, ní ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, àwọn méjèèjì sì wà ní Adó.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Kí wọ́n tú ènìyàn sílẹ̀ yàtọ̀ sí kí wọ́n dá a láre. Bí olùpẹ̀jọ́ kò bá wá, tí adájọ́ ní kí ẹ máa lọ, tàbí tí Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ bá fi agbára tí abala 211 ìwé òfin ọdún 1999 fún un dá ẹjọ́ náà dúró, wọ́n lè tún gbé e padà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ wo ìparí ìdájọ́ yín, kí ẹ rí ohun tí adájọ́ kọ gan-an.

Ó dáa, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ńkọ́? Ọdún mélòó ni yóò fi kúrò lórúkọ rẹ̀?

Kò ní kúrò. Nàìjíríà kò ní òfin kankan fún àgbàlagbà tó sọ pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ìdálẹ́bi á di èyí tí kò sí mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe lè pẹ́ tó, ẹ wo Herbert Macaulay, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lórí owó náírà kan. Kóòtù àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá a lẹ́bi ní ọdún 1913 lórí owó ogún tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ọdún 1928. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1923, ẹgbẹ́ náà ń wọlé ìbò l'Ékòó, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè du ipò nítorí ìdálẹ́bi yẹn. Ó kú ní 1946. Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni orúkọ rẹ̀ tó jáde nínú àwọn tí Ààrẹ Tinubu dárí jì. Láti 1913 sí 2025 jẹ́ ọdún 112. Ikú gan-an kò pa á rẹ́.

Ọdún mẹ́wàá tí àwọn olóṣèlú máa ń sọ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìlò rẹ̀ kò pọ̀. Abala 107 ìwé òfin wà fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, abala 182 sì wà fún gómìnà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi tí wọ́n sì fìyà jẹ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ àìṣòótọ́ kò lè díje bí ọjọ́ ìdìbò kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá sí ìgbà náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìdènà yẹn ti kúrò lọ́nà, àkọsílẹ̀ náà sì wà níbi tó wà. Ìwé ìrìn àjò kò mọ ọdún mẹ́wàá yẹn, ilé ìfowópamọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Ní ti ọdún méje tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ lórí YouTube, Amẹ́ríkà ló ti wá. Òfin kan wà níbẹ̀ tó de àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá agbanisíṣẹ́ wádìí ènìyàn, pé kí wọ́n má ròyìn mímú tí wọ́n mú ènìyàn bó bá ti lé ní ọdún méje tí kò sì yọrí sí ìdálẹ́bi. Ìdálẹ́bi gan-an kò sí lára rẹ̀ lọ́hùn-ún. Báwo ló ṣe wá di òfin Adó-Èkìtì?

Fáìnì nìkan ni mo san. Mi ò ṣẹ̀wọ̀n.

Bí ẹ bá jẹ́wọ́ níwájú májísíréètì, tó ní ẹ jẹ̀bi, tó wá ní kí ẹ san owó ìtanràn, ìdálẹ́bi ni. Ẹ̀wọ̀n tàbí owó, ìjìyà nìyẹn kàn jẹ́.

Ọmọ mi wà ní yunifásítì. EFCC mú un lórí Yahoo, wọ́n bá a dúnàádúrà, kóòtù ní kó fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́ ìlú. Lọ́yà ní ó ti parí.

Ẹ̀wọ̀n ló bọ́, kò tíì parí. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, nítorí ọmọ náà yóò jẹ́wọ́, ìjọba yóò dín ẹ̀sùn kù, ìyà yóò fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ yẹn ló gbé ìdálẹ́bi dání. Ó jẹ mọ́ àìṣòótọ́ pẹ̀lú, nítorí náà ọdún mẹ́wàá ti òṣèlú kàn án. Àjọ náà sì máa ń gbé fọ́tò àwọn tí wọ́n bá dá lẹ́bi sórí ìkànnì wọn pẹ̀lú orúkọ ní kíkún. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yóò rí i kí aṣojú ìjọba Kánádà tó rí i.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe àdéhùn. Bí ẹ̀rí bá pọ̀, ó lè jẹ́ òun ló dára jù. Ohun tó ń bí mi nínú ni lọ́yà tí kò ṣàlàyé èyí fún ọmọ ọdún 20 kó tó ní kó sọ pé òun jẹ̀bi. Ọ̀nà mìíràn wà tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. ACJA fún adájọ́ láyè pé bó bá rí i pé ẹ̀sùn dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó wo ọjọ́ orí, ìwà àtẹ̀yìnwá, àìlera tàbí bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe kéré tó, ó lè fagi lé ẹ̀sùn náà tàbí kó tú ẹni náà sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn ìwà rere, láìjẹ́ pé ó dá a lẹ́bi. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló bá a mu, adájọ́ kò sì ní gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́yà ló gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un, kí ìdájọ́ tó jáde.

Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ mi nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Ó yàtọ̀ pátápátá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Èkìtì náà ti sọ di òfin tirẹ̀, ka ẹni tí kò tíì pé 18 sí ọmọdé. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní bòókẹ́lẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tàbí ẹni tí òfin fún láṣẹ nìkan ló lè rí i, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé e jáde bí ọmọ náà bá tún ní ẹjọ́ nígbà tó dàgbà. Òfin náà kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n sọ pé wọ́n “dá ọmọdé lẹ́bi”. Ìwé ìròyìn kò sì gbọdọ̀ gbé orúkọ tàbí àwòrán rẹ̀ jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú ni ọjọ́ orí. Ọmọ tó ga, tí irùngbọ̀n ti ń hù, ọlọ́pàá lè kọ ọdún 19 sílẹ̀ fún un láìbéèrè, lẹ́yìn náà ni wọn á gbé e lọ sọ́dọ̀ májísíréètì bí àgbàlagbà. Bí wọ́n bá ti mú ọmọ yín, ìwé ọjọ́ ìbí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ sí téṣàn, kí ẹ tó mú oúnjẹ. Bí wọ́n bá ti gbé e dé kóòtù, ẹ jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìdáríjì gómìnà ńkọ́? Ṣé òun kò lè pa á rẹ́?

Ìdáríjì ló lágbára jù nínú ohun tó wà nílẹ̀, kò sì rọrùn láti rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tó lè dárí jì yín dúró lórí òfin tí ẹ rú. Bó bá jẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Èkìtì, bí olè jíjà tàbí ìjà tí ẹnì kan farapa nínú rẹ̀, abala 212 ìwé òfin ọdún 1999 fún gómìnà láṣẹ, lẹ́yìn tó bá ti gba ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ tó wà fún un. Bó bá jẹ́ òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe, irú bí òfin ẹ̀ṣẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ti oògùn olóró, Ààrẹ nìkan ló lè ṣe é, lábẹ́ abala 175. Ìyá tó ń lọ sí ọ́fíìsì gómìnà ní Adó nítorí ẹjọ́ Yahoo ọmọ rẹ̀ ń fi bàtà rẹ̀ ṣòfò ni.

Ẹ tún wo irú àánú tí wọ́n fún ènìyàn. Gómìnà lè dárí jini pátápátá. Ó lè sún ìjìyà síwájú, ó lè fi ìjìyà tó fúyẹ́ rọ́pò èyí tó le, ó sì lè yọ gbogbo ìjìyà tàbí apá kan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí a ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n pé wọ́n jáde kúrò lẹ́wọ̀n lọ́jọ́ Òmìnira tàbí ní ọdún tuntun, ọdún tó kù nínú ẹ̀wọ̀n wọn ni wọ́n yọ fún wọn. Wọ́n ti bọ́, ẹ̀bi wọn ṣì wà. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fún yín, ẹ wá ibi tí ó ti sọ pé ìdáríjì ni.

Ẹni tó rí ìdáríjì tòótọ́ ti rí nǹkan ńlá. Ẹ ó rántí pé ilé ẹjọ́ ológun dá Obasanjo lẹ́bi ní 1995, wọ́n dárí jì í lẹ́yìn tí Abacha kú, ó sì díje fún ipò ààrẹ ní 1999. Olu Falae, aládùúgbò wa láti Àkúrẹ́, gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pé ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi kò yẹ lẹ́ni tó ń díje. Ilé ẹjọ́ ní ìdáríjì ti sọ Obasanjo di ènìyàn tuntun. Ìdájọ́ yẹn ni àwọn lọ́yà ṣì ń gbé dání títí dòní. Abala 36 náà sọ pé ẹni tó bá fi hàn pé wọ́n ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ kan ji òun, wọn kò gbọdọ̀ tún bá a ṣẹjọ́ lórí rẹ̀.

Àmọ́ kò sí ẹni tó ń dáná sun ìwé. Fáìlì kóòtù wà níbẹ̀, ìwé ìdáríjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa fi hàn nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè. Tó bá sọnù lọ́wọ́ yín, ìyọnu ni.

Láti béèrè, lẹ́tà ni, pẹ̀lú CTC ìdájọ́, ẹ̀rí pé ẹ ti parí ìjìyà yín, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe báyìí, àti ìwé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ yín: ọba ìlú, àlùfáà, ọ̀gá iṣẹ́. Ti ìpínlẹ̀, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Adó ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ńkọ́, ẹni tí ẹ jí nǹkan rẹ̀? Bí òun fúnra rẹ̀ bá lè kọ lẹ́tà pé òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà yẹn wúwo ju ti ọba lọ lójú tèmi.

Mo gbà pé adájọ́ ṣì mí dá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kíákíá sì ni. Láti ilé ẹjọ́ gíga lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Adó-Èkìtì, ọjọ́ 90 ni òfin fún yín. Ti májísíréètì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún àfikún, ṣùgbọ́n ìdí gidi lẹ ó mú wá. Bí ilé ẹjọ́ tó ga bá fagi lé ìdálẹ́bi náà, ó ti dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí lójú òfin, ẹ sì padà sí ọ̀nà ìtẹ̀ka tí mo ti sọ lókè. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó mọ́ tó èyí. Ẹni tí kò jẹ̀bi, kó má lọ máa bẹ gómìnà fún ìdáríjì.

Ẹjọ́ fífipá bánilòpọ̀ ni tèmi.

Èkìtì ní ìwé orúkọ fún àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí, ìjọba sì ti ń gbé orúkọ àti àwòrán wọn jáde fún aráàlú láti rí. Ti ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Wọ́n ṣe é kí ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń wá olùtọ́jú ọmọ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní ìmọ̀ràn tó lè yọ orúkọ kúrò níbẹ̀ yàtọ̀ sí kí ilé ẹjọ́ tó ga yí ìdájọ́ padà. Mi ò sì ní dọ́gbọ́n bí ẹni tó bínú sí ètò náà.

Mo fẹ́ lọ sí Kánádà. Kí ni ọlọ́pàá máa kọ sínú ìwé ẹ̀rí ìwà mi?

Ohun tí ìtẹ̀ka yín bá fi hàn ni. Tẹ́lẹ̀, Alagbon, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó wà ní Ìkòyí l'Ékòó, ni gbogbo ènìyàn ń rọ́ lọ, ẹni tó bá ti Ọmùò gbéra ti ń sùn lójú ọ̀nà nìyẹn. Ní báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, lórí ìkànnì POSSAP ti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, wọn á wá gba ìtẹ̀ka ní ibi tí ẹ bá yàn.

Bí nǹkan bá jáde, ẹ má sá. Àkọsílẹ̀ Nàìjíríà kò lọ́jọ́ ìparí, ṣùgbọ́n Kánádà ní ìṣirò tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí kò le jù lójú òfin tiwọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ẹ ti parí gbogbo ìjìyà, wọ́n lè kà yín sí ẹni tó ti yípadà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ lè kọ̀wé béèrè fún un. Kí ẹ ka ọdún láti ọjọ́ tí ìjìyà parí, kì í ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n mú yín.

Ohun tí kò ní ìdáríjì níbẹ̀ ni irọ́. Ẹni tí Kánádà bá mú pé ó purọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ọdún márùn-ún ni kò ní wọlé. Ti ìlú ọba lè tó ọdún mẹ́wàá. Mo ti rí i tí ènìyàn fi irọ́ bo ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí wọn ì bá gbójú fò.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní òkè òkun, òun ló jẹ̀bi lọ́hùn-ún. Ti wọn ńkọ́?

Ibẹ̀ ni pípa rẹ́ ti wà lóòótọ́. Ní ìlú ọba, òfin ọdún 1974 wà tó ń jẹ́ kí ìdálẹ́bi di ohun tí ènìyàn kò ní láti sọ fún ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́. Fún fáìnì, ọdún kan ni. Fún ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, ọdún kan lẹ́yìn tó bá parí. Fún èyí tó ju ọdún mẹ́rin lọ, ọdún méje, yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ burúkú kan. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n yín kò bá tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè ibẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án. Àjọ tó ń rí sí wíwọlé sí Amẹ́ríkà ṣì ń ka ìdálẹ́bi tí kóòtù ìpínlẹ̀ ti pa rẹ́. Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ìgbélùú ní ìlú ọba, náà kì í ka ọdún wọ̀nyẹn sí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìwé ìgbélùú. Lọ́yà ìwé ìgbélùú ló nílò, yàtọ̀ sí lọ́yà ẹjọ́ ọ̀daràn.

Mo ti ṣẹ̀wọ̀n tán. Ta ló máa gbà mí síṣẹ́?

Òfin Iléeṣẹ́ Àtúnṣe, ìyẹn iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ti ọdún 2019 ní kí wọ́n fún ẹni tó hùwà dáadáa lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere nígbà tó bá ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀wọ̀n tó ṣe yà á sọ́tọ̀. Ẹ béèrè fún ìwé náà kí ẹ tó jáde, nítorí àtipadà lọ gbà á kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Kò ní ṣílẹ̀kùn báńkì. Ọ̀gá mẹkáníìkì tàbí ẹni tó ní oko ńlá lè kà á sí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Fọ́tò mi wà lórí ìkànnì ìròyìn pé wọ́n mú mi, wọn kò sì kọ ọ́ pé mo jàre.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún ohun tí kò tọ̀nà ṣe tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Kò de ọlọ́pàá àti kóòtù lórí iṣẹ́ ìwádìí ọ̀daràn wọn, ó sì fún àwọn oníròyìn láyè. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá kọ̀wé pé “ẹ yọ ọ́”, wọ́n lè má dá yín lóhùn. Ẹ fi CTC ìdájọ́ ránṣẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n fi àbájáde ẹjọ́ kún ìròyìn náà. Olóòtú tó ní làákàyè kì í kọ ìyẹn.

Ẹnì kan ní òun mọ ọ̀gá kan ní Alagbon tó lè bá mi yọ ọ́ nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ irọ́, owó yín lọ. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun lẹ rà.

Mi ò lówó lọ́yà. Ta ni kí n lọ bá ní Èkìtì?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin, Legal Aid Council, tí òfin wọn ti ọdún 2011 wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ. Iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú tó ń gba ẹjọ́ aláìní rò. Àwọn obìnrin lè lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò. Ẹ̀ka òfin wà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ àti ní ti Afe Babalola, bí ẹ bá sì ń wá ẹni tí yóò kàn bá yín ka ìdájọ́ kí ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ lè tọ́ yín sọ́nà. Ibikíbi tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ yín dání. Láìsí nọ́ńbà yẹn, akọ̀wé kóòtù á ní kí ẹ padà wá lọ́la.